Ehín Tí Ọdẹ́rìnlọ Kọ̀ Láti Yọ

Ẹ̀yin ará, ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tí obì bá wà lẹ́nu rẹ̀, kí ó yára jẹ ẹ́ tán, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, inú ẹnu ni ó ti ṣẹlẹ̀, kò sì yẹ kí ènìyàn máa jẹun lé e lórí. Èmi tí ẹ ń wò yìí, oòrùn kọ́ ni ó sọ irun orí mi di funfun. Mo ti pàdé iwin olórí mẹ́ta lójú ọ̀nà odò rí, mo kí orí kọ̀ọ̀kan ní ‘ẹ kú ìrìn’, orí kọ̀ọ̀kan sì dá mi lóhùn. Síbẹ̀, bí mo ti láyà tó yìí, ọkùnrin kan wà tí mo máa ń dọ̀bálẹ̀ fún títí ó fi papòdà. Ọdẹ́rìnlọ ni orúkọ rẹ̀, òun ni ó kọ́ mi ní ọdẹ ṣíṣe. Ìtàn tirẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe tèmi. Ẹnu òun tìkára rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ sì jókòó tì í, kò jẹ́ kí ó fi iyọ̀ kún un.

Ọdẹ́rìnlọ kì í ṣe ẹni tí nǹkan ń bà lẹ́rù. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ẹfọ̀n kan fi ìwo gbá a lẹ́nu, ó sì kó gbogbo ehín ẹ̀yìn apá òsì rẹ̀ lọ. Ọdẹ́rìnlọ pa ẹfọ̀n náà, ó jẹ ẹran rẹ̀, apá ọ̀tún ni ó sì fi jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, apá ọ̀tún ni ó ń fi jẹ gbogbo ohun tí ó le láyé. Ehín ńlá kan wà níbẹ̀, lókè, lẹ́yìn pátápátá. Bí ó bá fi eegun ìgalà sábẹ́ ehín yìí, ẹ ó gbọ́ ‘kàù’, mùdùnmúdùn á sì jáde. Ehín yìí ni akokoro mú.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀. Omi tútù kàn án, ó ta á. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ẹ̀kọ gbígbóná kàn án, ìrora náà kò sì tètè lọ mọ́. Ó jókòó pa bí àlejò tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dìde. Nígbà tí ó tún yá, kò dúró de omi, kò dúró de ẹ̀kọ. Ó kàn ń sọ kì, kì, kì, láti inú ehín lọ sí etí, láti etí lọ sí ẹ̀bátí. Ọdẹ́rìnlọ fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ẹnu, ó fi kànáfùrù há ibẹ̀. Ìrora náà sùn díẹ̀, ó tún jí, ó sì jí pẹ̀lú ìbínú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Ọdẹ tí àmọ̀tẹ́kùn ń sá fún wá ń jókòó sẹ́bàá ògiri, ó ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú bí ìyàwó tí wọ́n já kulẹ̀.

Ògúnmọ́dẹdé alágbẹ̀dẹ, ọ̀rẹ́ rẹ̀, gbọ́, ó sì mú ẹ̀mú wá.

“Ọdẹ́rìnlọ, la ẹnu,” ni ó wí. “Ehín tó bá ń dun ni, ìta ni ibùgbé rẹ̀.”

“Ògúnmọ́dẹdé, bí òrùlé rẹ bá ń jò, ṣé o máa ń wó ilé ni?”

“Ilé kọ́ nìyí. Ehín ni.”

“Èmi tí mo ń gbé inú ẹnu mi ni mo mọ̀ pé ilé ni. Bí o bá yọ èyí, kí ni mo kù fún? Ògì ni n ó máa mu títí n ó fi kú? Ẹnu ọdẹ tí kò lè fọ́ eegun, ẹnu ìkókó ni.”

“Ṣùgbọ́n ó ń pa ọ́, ọ̀rẹ́ mi! Wo ojú rẹ!”

“Jẹ́ kí ó máa pa mí. Ẹfọ̀n gba apá òsì, n kò fi fún un, ó jà á gbà ni. Ẹni tí yóò gba apá ọ̀tún, ìyá rẹ̀ kò tíì lóyún rẹ̀. Gbé ẹ̀mú rẹ, kí o máa lọ fi mú irin!”

Ògúnmọ́dẹdé mi orí, ó lọ. Àwẹ̀ró, tí ó ń ṣa ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kò gbé ojú sókè.

“Bàbá Ọmọ́lẹ́yẹ,” ni ó wí, “agídí kì í wo ehín sàn. Ẹ ní ẹ kò ní yọ ọ́, mo gbọ́. Kí wá ni ẹ fẹ́ ṣe sí i? Àbí ẹ fẹ́ máa jókòó wò ó ni?”

“Kí lo fẹ́ kí n ṣe?”

“Nílé àwọn ìyá mi, wọ́n máa ń sọ pé obìnrin iwin kan wà lẹ́yìn Igbó Ẹlẹ́nu. Arọra-ṣe ni wọ́n ń pè é. Bí gbòǹgbò ehín bá ṣì dúró dáadáa, kì í yọ ọ́. Inú ehín náà ló máa ń wẹ̀.”

Ọdẹ́rìnlọ gbàgbé ìrora rẹ̀, ó yí ojú sí i. “Inú ehín? Ehín ní inú?”

“Eegun ìgalà ní inú, ẹ sì ń fa mùdùnmúdùn rẹ̀ mu. Kí ló dé tí ehín kò ní ní tirẹ̀?”

Ọdẹ́rìnlọ dìde, ó mú ìbọn rẹ̀. Àwẹ̀ró náà dìde. Ọdẹ́rìnlọ ní kí ó padà sídìí ẹ̀gúsí. Àwẹ̀ró ní òun kò bi í bóyá òun lè bá a lọ, ó ní ọ̀nà ilé ìyá òun ni, ẹni tí yóò bá sì tọ̀ ọ́ láì mú ọmọ ibẹ̀ dání, kí ó kọ́kọ́ dágbére fún ilé. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe kúrò nílé. Ẹ má bi mí bí ọ̀nà náà ti gùn tó. Ẹni tí ehín ń dùn, láti iyàrá dé ẹnu ọ̀nà gan-an, ìrìn àjò ni.

Igbó Ẹlẹ́nu kò ní ẹranko kankan. Ẹnu ni ó kún ibẹ̀. Ẹnu wà lára igi, ẹnu wà lára àpáta, gbogbo wọn ni ó sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n ti rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọdẹ́rìnlọ, wọ́n figbe ta.

“Ọ̀dọ̀ Arọra-ṣe ló ń lọ! Ó gbé!”

“Abẹ́rẹ́ rẹ̀ gùn bí ọ̀kọ̀! Láti ẹnu ni yóò ti gún ọ, tí yóò fi yọ ní ìpàkọ́!”

“Ẹni kan lọ, ó ké títí ohùn rẹ̀ fi já!”

“Ọpọlọ ni ó ń gbẹ́! Ó ń gba inú ehín wọ inú orí!”

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín. Ọdẹ́rìnlọ tí kò sá fún ẹfọ̀n, ẹ̀rù bà á nínú igbó náà. Ọ̀rọ̀ burú ju ìwo lọ. Ìwo ní ibi tí ó mọ, ọ̀rọ̀ kò ní. Ó ti yí ẹsẹ̀ padà díẹ̀ nígbà tí olórí wọn jáde wá, iwin gàgàrà kan tí ó ní ẹnu ní ìgbọ̀nwọ́, ẹnu ní orúnkún, ẹnu ní àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo ẹnu náà ń rẹ́rìn-ín.

Inú bí Ọdẹ́rìnlọ nítorí ẹ̀rín yìí. Ó dúró, ó sì na ìka sí i.

“Ìwọ tí ẹnu rẹ pọ̀ tó báyìí, èwo nínú wọn ni Arọra-ṣe ti tọ́jú rí?”

Iwin náà wo ẹ̀yìn rẹ̀.

“Mo bi ọ́ léèrè! Ẹ̀yin ẹnu igi, ẹ̀yin ẹnu àpáta, ta ni nínú yín tí ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Kí ó sọ̀rọ̀! Kí ó sọ fún mi bí abẹ́rẹ́ náà ti rí lára òun!”

Igbó náà pa lọ́lọ́.

“Nítorí náà, ẹni tí kò lọ ọjà ni ó ń sọ fún mi bí ọjà ti kún,” ni Ọdẹ́rìnlọ wí. “Ẹ yà fún mi!”

Ojú ti iwin náà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ojú ti òun ní gbangba. Ó ní, “Kò sí ẹni tí ń gba ibí kọjá láì já àlọ́ mi. Àlọ́ o!”

“Ààlọ̀!”

“Ilé funfun kan wà, kò ní fèrèsé. Ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ kú sínú rẹ̀, ó ń rà, òórùn rẹ̀ sì ń ba ilẹ̀ ìsàlẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ògiri ilé kò sán. Kí ni ilé náà, kí sì ni kí á ṣe sí i?”

“Ehín ni ilé náà,” ni Ọdẹ́rìnlọ dáhùn kíá, nítorí ó ń dùn ún lọ́wọ́lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n apá kejì àlọ́ náà ṣòro fún un. Àwẹ̀ró ni ó bá a gbà á.

“Ta ni í wó ilé nítorí òkú? Ẹ lu ihò kékeré sí òrùlé, ẹ gbé òkú jáde, ẹ fọ iyàrá mọ́ títí dé ìpìlẹ̀, ẹ dí iyàrá náà pa kí eku má bàa wọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ sì tún òrùlé ṣe. Ilé á dúró.”

Gbogbo ẹnu iwin náà ya sílẹ̀, ó sì yà kúrò lọ́nà. Wọ́n kọjá.

Lẹ́yìn igbó yìí ni wọ́n dé ìlú kan tí ó tutù minimini. Ó-Ti-Tán ni orúkọ rẹ̀. Odò kan wà ní ẹnubodè, Ọdẹ́rìnlọ bu omi rẹ̀ mu, lójú ẹsẹ̀ sì ni ìrora náà dá wáí. Kì, kì, kì náà kò sí mọ́. Ó fi ìka kan ehín náà, kò dùn ún. Ó rẹ́rìn-ín, ó jó, ó yìnbọn sókè.

Àwọn ará ìlú jáde wá, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Olórí wọn, arúgbó onírùngbọ̀n kan, gbé àga fún un. “Ó ti tán, ọmọ mi. Kí ni o tún ń wá lọ síwájú? Ẹni tí kò bá rí ìrora, kò ní àìsàn. Bá wa gbé.”

Ọdẹ́rìnlọ jókòó. Ẹ má bú u. Ẹni tí ìrora ti lù bí aṣọ òfì, tí ó wá rí ìsinmi, ẹ wá wò ó bóyá yóò fẹ́ dìde. Àwẹ̀ró kò jókòó. Ojú àwọn ará ìlú náà ni ó ń wò. Ó rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ olúkúlùkù wú ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ó rí obìnrin kan tí ihò kékeré wà ní àgbọ̀n rẹ̀, tí ọyún ń kán níbẹ̀, obìnrin náà sì ń nù ún bí ẹni ń nu òógùn. Ó rí ọkùnrin kan tí ìwúlé ti bo ojú rẹ̀ kan pa, tí ibà ń gbọ̀n jìgìjìgì, tí ó sì ń sọ pé, “Kò dùn mí. Ó ti tán.” Nígbà tí ó yá, ọkùnrin yìí ṣubú lulẹ̀, kò sì dìde mọ́. Àwọn ará ìlú tẹ́ aṣọ bò ó, wọ́n ní, “Òun náà, ó ti tán.”

“Bàbá Ọmọ́lẹ́yẹ,” ni Àwẹ̀ró wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, “ẹ fi ahọ́n kan òkè ehín yẹn, lára ẹran ìdí rẹ̀.”

Ọdẹ́rìnlọ fi ahọ́n kàn án. Eéwo kékeré kan wà níbẹ̀, ó rọ̀. Bí ahọ́n rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́, ohun kíkorò kan sun sí i lẹ́nu. Ó tu ú sílẹ̀, ọyún ni. Ìgbà náà ni ó yé e. Ìrora náà kò lọ nítorí pé ehín sàn. Mùdùnmúdùn inú ehín ti kú, òkú kì í sì í ké. Ṣùgbọ́n ìrà náà ń bá iṣẹ́ lọ ní ìdí rẹ̀, ó ń jẹ eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ lábẹ́ ìdákẹ́jẹ́.

Ó fò dìde. Arúgbó náà di í lápá mú, àwọn ará ìlú sì yí wọn ká, wọ́n ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọrin ‘ó ti tán, ó ti tán’.

“Kò tíì tán!” Ọdẹ́rìnlọ bú ramúramù. “Bí ó bá tán, èmi ni n ó sọ pé ó tán! Bàbá, ẹ fi apá mi sílẹ̀. Mo ti fi ọwọ́ òsì gbé ẹfọ̀n ṣánlẹ̀ rí, ẹ má jẹ́ kí n fi ọwọ́ ọ̀tún gbé àgbàlagbà. Ẹ̀yin ará ibí, ẹ dìde! Ẹni tó bá fẹ́ yè nínú yín, kí ó tẹ̀lé mi!”

Obìnrin tí àgbọ̀n rẹ̀ ń kán nìkan ni ó tẹ̀lé wọn. Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ilé Arọra-ṣe wà ní orí òkè kan tí ìmọ́lẹ̀ kì í kúrò. Iwin obìnrin ni, kò ga, ojú rẹ̀ tóbi bí ojú òwìwí, ìka ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀. Ó ní kí ọmọ ilé rẹ̀ obìnrin mú ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ ń kán wọ iyàrá kejì, òun fúnra rẹ̀ sì dojú kọ Ọdẹ́rìnlọ. Kò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ó bi í léèrè: ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀, ṣé tútù ni tàbí gbígbóná, egbòogi wo ni ó ń lò, ohun wo ni ara rẹ̀ kì í gbà. Lẹ́yìn náà ó fi ìdí ọ̀bẹ kékeré rọra gbá àwọn ehín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ewé dídán kan há a lẹ́nu, ó tan àtùpà kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti ìta. Nígbà tí ó yọ ewé náà, àwòrán gbòǹgbò ehín wà lára rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ta bí àga ìdáná, òjìji dúdú kan sì wà ní ṣóńṣó wọn.

“Òjìji yìí ni ibi tí ìrà ti jẹ eegun,” ni ó wí. “Ògiri ehín ṣì dára. Mo lè gbà á là. Mo sì lè yọ ọ́, bí ìyẹn bá wù ọ́ jù. Ẹnu rẹ ni.”

“N kò wá síbí láti yọ ọ́.”

“Ó dára. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ ni ó ń sàn, àwọn díẹ̀ kì í sàn. Kì í ṣe iṣẹ́ ìjókòó kan. Bí ohunkóhun bá dùn ọ́ nígbà tí mo bá ń ṣiṣẹ́, gbé ọwọ́ òsì sókè, n ó dúró.”

Ìgbà náà ni ó mú abẹ́rẹ́ jáde. Ẹ̀yin ará, abẹ́rẹ́ náà kò gùn bí ọ̀kọ̀. Kò gùn tó ìka mi yìí. Síbẹ̀ òógùn bo Ọdẹ́rìnlọ. Àwẹ̀ró di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ẹfọ̀n ńkọ́?” ni ó bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Ẹfọ̀n kì í ní kí n jókòó jẹ́jẹ́ dè é,” ni Ọdẹ́rìnlọ dáhùn. Ó tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ náà bí ẹni ń wo ọ̀tá. “Máa bọ̀! Mo ti jókòó!”

Ó ta á bí ìgbà tí ìjàlọ jẹ ni, ó sì parí. Lẹ́yìn náà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kú tipiri, ètè rẹ̀ wúwo bí ètè ẹlòmíràn. Arọra-ṣe na awọ rọ́bà tín-ín-rín kan bo ẹnu rẹ̀, ehín yẹn nìkan ni ó yọrí nínú ihò rẹ̀ bí òkúta àárín odò. Ó ní kí itọ́ má bàa wọ inú ehín ni, kí irinṣẹ́ má sì bọ́ sí i lọ́nà ọ̀fun. Ó wá fi irin kan tí ń ké fííín lu ihò sí ojú ehín náà tí ó fi ń jẹun. Ọdẹ́rìnlọ gbọ́ ariwo, ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dùn ún. Arọra-ṣe mú àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun imú ológbò, ó ń tì wọ́n bọ inú gbòǹgbò, ó ń yí wọn, ó ń fà wọ́n jáde, ìdọ̀tí sì ń bá wọn jáde. Ó ń wọn gígùn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kí ó má bàa kọjá òpin gbòǹgbò. Lẹ́yìn náà ó fi omi kan fọ ibẹ̀, omi náà ń rùn bí èyí tí alágbàfọ̀ fi ń fọ aṣọ funfun.

Lójijì, ohun kan ta Ọdẹ́rìnlọ dé ìpàkọ́. Ohùn gbogbo ẹnu igbó padà sí i létí. Ó rò pé bí òun bá gbé ọwọ́, wọn ó ní ọdẹ ń bẹ̀rù. Ó fún ọwọ́ pọ̀.

Àwẹ̀ró rí ọwọ́ náà. “Ẹ gbé e sókè,” ni ó wí. “Ta ni ẹ fẹ́ ṣe ojú ayé fún? Èmi?”

Ó gbé e sókè. Arọra-ṣe dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó fi oògùn kún un, ó dúró títí ibẹ̀ fi kú, ó sì tẹ̀síwájú. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ó tán, ó fi oògùn sínú ehín, ó fi amọ̀ funfun dí i. “Èyí kì í ṣe ìdípa ìkẹyìn. Má fi ẹ̀gbẹ́ yìí jẹun. Bí oògùn bá kúrò lára, ibẹ̀ yóò máa dùn bí ibi tí ènìyàn fi gbá igi, á sì máa dínkù lójoojúmọ́. Bí ó bá ń pọ̀ sí i dípò kí ó máa dínkù, tàbí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ tún wú, tàbí tí ibà mú ọ, pè mí.”

Wọ́n sùn sí ilé àlejò lẹ́bàá ibẹ̀. Ìwúlé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wálẹ̀, ọyún dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ìrora díẹ̀ kan kọ̀, kò lọ. Bí ó bá fi ahọ́n tẹ ehín náà, ó ń dáhùn. Ọdẹ́rìnlọ bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Ó padà sọ́dọ̀ Arọra-ṣe, ó ní:

“Ìyá, o ní o ti gbé òkú jáde. Ta ló ń kanlẹ̀kùn nínú ilé mi?”

Arọra-ṣe kò bínú sí i. Ó tún ní kí ó la ẹnu, ó mú gíláàsì kan tí ń sọ ìgbín di erin sójú, ó sì wo inú ihò náà pẹ́. Ó mí kanlẹ̀.

“Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ehín yìí ní,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ní ọ̀nà méjì. Ìkejì fi ara pamọ́ bí òkété. N kò rí i lákọ̀ọ́kọ́. O ṣe dáadáa tí o kò dákẹ́.”

Ọdẹ́rìnlọ, ẹni tí ó ti lépa òkété wọ inú ihò láìmọye ìgbà, rẹ́rìn-ín lábẹ́ awọ rọ́bà náà. Arọra-ṣe tọ ọ̀nà ìkẹrin títí dé òpin, ó fọ̀ ọ́, ó gbẹ ẹ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ mọ́ tí ó sì gbẹ, ó fi oje igi kan, tí ó rọ̀ bí rọ́bà nígbà tí iná kàn án, dí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa dé òpin. Ìrora tí ń kanlẹ̀kùn kò kanlẹ̀kùn mọ́.

“Ehín yìí kò ní ẹ̀mí nínú mọ́, yóò sì máa gbẹ bí igi,” ni ó wí. “Bí o bá fi fọ́ eegun báyìí, yóò là sí méjì, n kò sì ní lè ṣe nǹkan kan sí i. Ó gbọ́dọ̀ dé adé.”

Ó ya ìwọ̀n ehín náà, ó rọ adé wúrà kékeré kan, ó sì fi lé e lórí. Ọdẹ́rìnlọ di ẹnu pọ̀, ó gé e wò. Ó dọ́gba. Àwẹ̀ró ní omi wà lójú rẹ̀. Òun ní èéfín ni. Ẹ̀yin ni kí ẹ yan ẹni tí ẹ ó gbà gbọ́.

Arọra-ṣe ní ọgbẹ́ ẹni tí ó tẹ̀lé wọn wá yóò pẹ́ kí ó tó jinná, ṣùgbọ́n yóò yè. Wọ́n dágbére fún un.

Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà bọ̀ wálé, ọ̀nà náà sì gba ìlú Ọba Afehín-ṣọ̀ṣọ́ kọjá. Ọba yìí fi ehín ènìyàn ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ó fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́, ó fi yí adé rẹ̀ ká, ìlẹ̀kẹ̀ adé náà sì bo ojú rẹ̀ dé àgbọ̀n. Arìnrìn-àjò kankan kò gbọdọ̀ kọjá láì yọ ehín kan fún un. Àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ mú Ọdẹ́rìnlọ, wọ́n la ẹnu rẹ̀, wúrà sì tàn.

“Èyí ni mo fẹ́!” ni ọba wí.

Ọdẹ́rìnlọ gbọn àwọn ẹ̀ṣọ́ náà dànù. Ó rọra tẹríba bí ó ti yẹ kí á ṣe fún ọba, ó sì gbé orí sókè bí kò ti yẹ.

“Kábíyèsí, ẹ wò ó dáadáa. Adé ló dé. Ìlú wo ni ọba ti ń ṣí adé lórí ọba ẹlẹgbẹ́ rẹ̀?”

Àwọn ará ìlú kùn hùn-ùn. Ọba bínú. “Ọba wo? Òkú ehín ni! Bí ó bá jẹ́ ọba, kí ó ṣe iṣẹ́ ọba kí á rí i!”

Ọdẹ́rìnlọ kò dúró kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó fò dé iwájú ìtẹ́, ó fi ehín aládé náà mú okùn awọ ẹfọ̀n tí wọ́n fi sín ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọba, ó gé e. Kàù! Okùn já. Ehín dà sílẹ̀ wààrà bí àgbàdo láti inú àká. Ọba fò sẹ́yìn, adé rẹ̀ yẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ojú rẹ̀ sì ṣí kúrò. Gbogbo ènìyàn rí ohun tí wọn kò rí rí: ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba wú bí ìkòkò, omi sì ń dà lójú rẹ̀ méjèèjì.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbé idà. Ọba gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ òsì, wọ́n sì dúró. Ó wo ẹnu Ọdẹ́rìnlọ pẹ́ títí. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọdé.

“Ọdẹ, ó ti pẹ́ tí ó ti ń dùn mí. Mo rò pé bí mo bá gba ti gbogbo ènìyàn, ẹ̀rù èyí tèmi kò ní bà mí mọ́. Níbo ni wọ́n ti ṣe tìrẹ?”

Ọdẹ́rìnlọ wo àwọn ehín tí ó fọ́n ká ilẹ̀. Ó wo Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà náà ni ó nawọ́ sí òkè tí ìmọ́lẹ̀ wà.

“Ọ̀nà yẹn ni,” ni ó wí. “Ẹ fi adé yín sílẹ̀ nílé, Kábíyèsí. Níbẹ̀, ẹnu ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo orí.”

Ọba sì ṣí adé rẹ̀ níṣojú gbogbo ìlú, ó gbé e sórí ìtẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí òkè náà.